Ẹ Bi Wá: Fáànù Mẹ́ta Wà ní Láàbù, Kí Ló Dé Tí Gáàsì Kò Jáde?

Àsìkò práktíkà WAEC àti NECO ti ń kan ilẹ̀kùn, lẹ́tà lórí òórùn, ikọ́ àti ojú títa nínú láàbù sì ti pọ̀ lọ́wọ́ wa láti Abuja títí dé Kano. A mú méje nínú wọn sí ojú ìwé yìí, a sì ti gé wọn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Kẹ́místrì ni mò ń kọ́ àwọn SS3 ní Kubwa. Ilé-ẹ̀kọ́ wa fi extractor, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, oní-ínṣì 12 mẹ́ta sí ara ògiri láàbù. Síbẹ̀, bí a bá ti ṣe salt analysis, ìyẹn dídá ohun tó wà nínú iyọ̀ kẹ́míkà mọ̀, òórùn ẹyin jíjẹrà á gba gbogbo inú ilé, ojú á sì máa ta àwọn ọmọ. A máa ń ti gbogbo fèrèsé pa kí fáànù lè fa gáàsì dáadáa. Kí là ń ṣe tí kò tọ́?
Olùkọ́ kẹ́místrì, Kubwa

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Fèrèsé tí ẹ ń tì yẹn gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá rí ọ̀nà wọlé ni fáànù lè tì síta. Bí ilé bá pa dé, ó dà bí ẹni tó fi ẹnu bo ẹnu ìgò ike pátápátá tó wá ń fa omi inú rẹ̀: ike á rún, omi á sì dúró. Fáànù yín á máa yí, ariwo rẹ̀ á máa lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé jáde kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó ìlọ́po méjì ihò fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, ó kéré tán.

Ibi tí ihò náà wà tún ṣe pàtàkì. Fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù ni kó wà ní títì, torí pé bí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á sì gba fáànù jáde lójú ẹsẹ̀, kò ní kan tábìlì kankan. Èyí tó wà lára ògiri tó dojú kọ fáànù ni kí ẹ ṣí, kí afẹ́fẹ́ lè ré gbogbo tábìlì kọjá kó tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń tọ̀, ẹ ra turaren wuta, turari tí a ń jó, ní ọjà, ẹ tan án, ẹ gbé e sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́. Níbi tí èéfín bá ti dúró gbagidi tàbí tó ń yí po lójú kan, ibẹ̀ ni gáàsì ń sápamọ́ sí. Ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti ṣe práktíkà tó ń mú gáàsì jáde.

Ẹ tún wo agbára fáànù. Bí láàbù bá gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 8, tó ga ní mítà 3, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 288. Níbi tí wọ́n ti ń lo kẹ́míkà, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ pààrọ̀ ní ìgbà 6 láàárín wákàtí kan, ó kéré tán. 288 lọ́nà 6 jẹ́ kúbíìkì mítà 1,728 láàárín wákàtí kan. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára fáànù yín, ẹ ṣí ojú ẹ̀ẹ̀mejì sí i: iye tó ń gbé nìyẹn nígbà tí ohunkóhun kò dí i lọ́wọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, eruku ọyẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ bíléèdì, àti iná tó wá ní fóltéèjì 170 dípò 230, gbogbo wọn ló ń gé e kù. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò kí ẹ tó ṣírò.

Èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í ṣírò rárá ni iye gáàsì tí ọwọ́ àwa fúnra wa ń ṣe. Gíráàmù 1 iron(II) sulphide, bí ásíìdì bá jẹ ẹ́ tán, á mú nǹkan bí 270 cm³ hydrogen sulphide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà yẹn, jáde. Bí ọmọ 40 bá ṣe é nígbà kan náà, ó di nǹkan bí 11 dm³. Ẹ tú u ká inú láàbù oní-kúbíìkì mítà 288 yẹn, ó di apá 38 nínú mílíọ̀nù kan. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, sì sọ pé afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju apá 10 nínú mílíọ̀nù lọ, fún ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ wá sọ gíráàmù 1 yẹn di 0.1, ìwọ̀nba tó lè dúró sí ṣóńṣó spatula, kí ásíìdì rẹ̀ má ju 1 cm³ lọ. Apá 4 péré ló kù nínú mílíọ̀nù, ìwé lead acetate tí a fi ń dá gáàsì yìí mọ̀ á sì dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú. Bí àwọn ọmọ bá ṣe é ní méjì-méjì, ó tún dín kù sí ìdajì. Nínú gbogbo ohun tí a kọ sí ojú ìwé yìí, èyí ló dín owó jù, òun náà ló sì ń dáàbò bo ọmọ jù.

Ẹ má sì pa fáànù ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Afẹ́fẹ́ tuntun kì í lé ti àtijọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n ń pò mọ́ra. Ní ìgbà 6 láàárín wákàtí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì náà ṣì wà nínú ilé. Ó di ìṣẹ́jú 30 kó tó ku ìdá 5. Kí kíláàsì tó kàn má wọlé ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. SS2 ni mo wà, ní Lugbe. Bí olùkọ́ wa bá ṣe gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí n kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ṣé ó ti jáde nìyẹn?
Akẹ́kọ̀ọ́, Lugbe

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ wa. Imú rẹ ló ṣíwọ́ iṣẹ́. Hydrogen sulphide máa ń pa agbára ìgbóòórùn kú. Bó bá pọ̀ tó nǹkan bí apá 100 nínú mílíọ̀nù, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ènìyàn kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló léwu. Nítorí náà, má ṣe fi imú ṣe ìdájọ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tàbí tí ojú ń ta ọ́, sọ fún olùkọ́ lójú ẹsẹ̀, kí o sì jáde síta. Má dúró parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o gbóòórùn gáàsì kan, má gbé imú lé ẹnu test tube. Fi ọwọ́ fẹ́ díẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ.

Ìbéèrè: Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Gwarinpa. A fẹ́ sọ kíláàsì ńlá kan di láàbù kí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò tó dé. Mo ti fi AC méjì àti fáànù òkè mẹ́rin sí i. Ṣé mo ṣì nílò extractor?
Olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, Gwarinpa

Ìdáhùn: Ẹ nílò rẹ̀, alàgbà. AC tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kejì wà níta, kì í mú afẹ́fẹ́ kankan wá láti ìta. Afẹ́fẹ́ inú ilé kan náà ló ń fà, tó ń tù, tó sì ń dá padà. Gáàsì tí ọmọ kan ṣe ní igun yìí, AC á pín in fún gbogbo kíláàsì ní tútù. Fáànù òkè náà kò yàtọ̀: ó ń po afẹ́fẹ́ pọ̀, kì í lé e jáde, ó sì tún ń ṣe ìpalára méjì. Ó máa ń tẹ iná Bunsen lulẹ̀ títí tí kò fi ní rí bí iná mọ́, ó sì máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú kẹ́míkà kúrò lójú òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ nóòtù, kí wọ́n sì pa á tí práktíkà bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo fèrèsé yín kí ẹ tó náwó sí ohun mìíràn. Púpọ̀ nínú ilé tuntun Abuja ló ń lo fèrèsé alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Èyí tó jẹ́ mítà 1.2 sí 1.2, sukúéà mítà 0.72 ló ń gba afẹ́fẹ́. Òfin àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ilé ń lò ni pé kí ibi tó ń ṣí tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ yàrá náà. Fún ilẹ̀ mítà 12 sí 8, ìyẹn sukúéà mítà 4.8, fèrèsé irú èyí méje ni. Bí nẹ́ẹ̀tì bá wà lójú rẹ̀, ẹ fi kún un, torí pé nẹ́ẹ̀tì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ gan-an, pàápàá tí eruku bá ti dì í. Bí ẹ kò bá tíì ra fèrèsé, ẹ ra èyí tó ń ṣí síta pátápátá bí ilẹ̀kùn, tàbí lúfà (louvre) àtijọ́ yẹn, onígíláàsì pẹlẹbẹ. Lúfà kò jojú mọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n fún láàbù, òun ló dára jù: ó ń ṣí tán, a sì lè ṣí ti òkè ká ti ti ìsàlẹ̀.

Àwọn ògiri wo? Níbí, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, atẹ́gùn òjò sì ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Fèrèsé tó bá wà ní apá méjèèjì yìí á máa gba afẹ́fẹ́ kọjá jálẹ̀ ọdún, kódà nígbà tí iná bá lọ. Ẹ má gbé extractor kọjú sí àríwá-ìlà-oòrùn, torí ní oṣù December ọyẹ́ á máa tì í padà, eruku á sì máa gba ojú rẹ̀ wọlé.

Ohun kan ṣì kù tí n kò lè fò. Bí gáàsì ìdáná ni ẹ ó máa fi tan Bunsen, sílíńdà kò gbọdọ̀ wà nínú láàbù. Ẹ kọ́ àgọ́ onírin sí ìta fún un, kí páìpù wá gbé e wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, fáànù tó wà lókè ògiri kò sì ní rí i fà. Ẹ gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, kí ó yọ síta gbangba. Bí ẹ bá sì gbóòórùn gáàsì tó jò, kí ẹnikẹ́ni má tan extractor, kí ó má sì pa á: iná kékeré tó ń ṣẹ́ nínú swíìṣì tó láti dá iná ńlá sílẹ̀. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ọmọ jáde.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń tọ́jú láàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Zaria. Bí ọyẹ́ bá dé, bí a bá ṣí fèrèsé, eruku á bo òṣùwọ̀n àti máíkíróskópù; bí a bá tì í, àwọn ọmọ á máa wúkọ́. Èwo ni ká ṣe?
Olùtọ́jú láàbù, Zaria

Ìdáhùn: Ẹ ṣí apá tí ọyẹ́ kò ti wá. Ẹ ti fèrèsé àríwá àti ti ìlà-oòrùn, ẹ ṣí ti gúúsù àti ti ìwọ̀-oòrùn, kí fáànù máa ṣiṣẹ́. Fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ kan férémù igi, ẹ ta fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ojú ihò sí i, kí ó fẹ̀ tó gbogbo ojú fèrèsé kí ó má baà fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ máa nu bíléèdì fáànù àti àwọn ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni eruku ti ń mú un há: fáànù á máa yí, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní ṣí.

Ẹ tún bá olùkọ́ to iṣẹ́ sí ọjọ́ tó yẹ. Titration pẹ̀lú ásíìdì 0.1 mol/dm³ kì í mú gáàsì tó lè ṣe ènìyàn ní nǹkan jáde, ó sì dára fún ọjọ́ tí eruku bá ṣókùnkùn. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ ni kí ẹ fi salt analysis sí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gé àkèré ní bàọ́lọ́jì, ó máa ń délé pẹ̀lú àyà tó ń han. Ṣé kí n ní kí ó fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ni?
Ìyá ọmọ, Sabon Gari, Kano

Ìdáhùn: Kò tíì dé ibẹ̀, ìyá wa. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí inhaler rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀ ní láàbù, kì í ṣe nínú báàgì tó wà ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú àkèré ló ṣeé ṣe kó máa dà á láàmú. Kí wọ́n fi omi ṣan àkèré náà, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí wọ́n pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n tó gbé e síwájú ọmọ. Kí ike fọ́málíìnì wà ní dídé ní gbogbo ìgbà.

Kí wọ́n sì jẹ́ kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí tuntun kọ́kọ́ kàn án kó tó kọjá lórí tábìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ extractor, gáàsì gbogbo kíláàsì ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé ibẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí àyà rẹ̀ kò le.

Ìbéèrè: Mo jẹ́ technologist ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jos. Owó wa kò ká fume cupboard tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Káfíńtà kan ní òun lè kàn án. Kí ni kí n sọ fún un?
Technologist, Jos

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, bí káfíńtà náà bá gbà láti tẹ̀ lé ìwọ̀n. Àpótí onígíláàsì tí fáànù ń fa gáàsì inú rẹ̀ jáde ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí afẹ́fẹ́ máa wọlé láti iwájú ní ìyára tí gáàsì kò fi ní lè padà sí ojú ẹni tó ń lò ó. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyára tí wọ́n ń béèrè ni mítà 0.3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú gíláàsì iwájú tí kì í ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ẹ fi ìdènà sí i kí ọwọ́ má lè gbé e kọjá ibẹ̀. Bí àpótí bá fẹ̀ ní mítà 1, ojú rẹ̀ jẹ́ sukúéà mítà 0.4; lọ́nà 0.3, lọ́nà 3,600, ó jẹ́ kúbíìkì mítà 432 láàárín wákàtí kan. Fáànù ilé-ìwẹ̀ oní-ínṣì 4 tí wọ́n máa ń kàn mọ́ irú àpótí yìí kò gbé ju nǹkan bí 100 lọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nìyẹn.

Fáànù tí a ń gbé sójú fèrèsé náà kò yẹ, nítorí kò ní agbára láti ti afẹ́fẹ́ gba inú páìpù gígùn. Blower ni kí ẹ rà, irú èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ ní àárín tó ń tì í jáde ní ẹ̀gbẹ́, kí mọ́tò rẹ̀ wà lóde ọ̀nà gáàsì kí ásíìdì má baà jẹ wáyà rẹ̀. Páìpù PVC oní-ínṣì 6 tó. Ti ínṣì 4 á máa hó, á sì gba agbára fáànù. Ẹ dín ìgbọ̀nwọ́ páìpù kù: dípò ìgbọ̀nwọ́ oní-dígírì 90 kan, ẹ lo oní-dígírì 45 méjì.

Ibi tí blower wà ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí pẹ̀lú káfíńtà. Òkè òrùlé ni, ní ìparí páìpù. Bó bá wà níbẹ̀, gbogbo páìpù inú ilé wà lábẹ́ ìfà, bí ojú ìsopọ̀ kan bá sì là, afẹ́fẹ́ ilé ni yóò wọ inú páìpù. Bí ẹ bá gbé e sórí àpótí nínú láàbù, títì ló ń tì, ojú ìsopọ̀ tó là á máa tú gáàsì sí yín lórí. Kí ẹnu páìpù ga ju ibi tó ga jù lórí òrùlé lọ ní mítà 1. Ẹ má dé e ní fìlà páànù. Fìlà náà ń dá gáàsì padà sísàlẹ̀, òkè àjà tàbí fèrèsé kíláàsì ló sì ń wọ̀. Ẹ fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ yí ìparí rẹ̀ ká, kí omi òjò máa gba àárín méjèèjì ṣàn sórí òrùlé.

Nínú àpótí, ẹ gbé pátákó kan dúró síwájú ẹ̀yìn rẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 wà ní ìsàlẹ̀ pátákó náà, kí òmíràn wà lókè. Klorínì àti sulphur dioxide wúwo ju ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́ lọ. Àlàfo ìsàlẹ̀ ló ń gbé wọn. Tììlì ni kí ẹ fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé tó ń ṣí, tàbí abẹ́ AC. Ènìyàn tó rọra kọjá níwájú rẹ̀ ń rìn ju mítà 0.3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ó sì lè fa gáàsì tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó má ti orí bọ̀ ọ́. Kí ẹ tó sanwó tán fún káfíńtà, ẹ tan turari níwájú gíláàsì, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀. Bí èéfín bá padà síta níbì kankan, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, ní ìparí ọyẹ́.

Ìbéèrè: Ìta yàrá tí a ń kó kẹ́míkà sí ni jẹnẹrétọ̀ wa wà. Gbogbo ìdè ilẹ̀kùn yàrá náà ti dípẹtà, àwọn ìgò sì ti ní ohun funfun lára. Ṣé ọ̀rinrin ni?
Olùkọ́, Nyanya

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀rinrin. Hydrochloric acid ló ń tú èéfín rẹ̀ jáde tó ń jẹ irin, ohun funfun náà sì ni ammonium chloride, èyí tó ń fi hàn pé ìgò amóníà wà nítòsí ìgò ásíìdì yẹn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí fọ́málíìnì náà má sì sún mọ́ hydrochloric acid, nítorí èéfín àwọn méjèèjì lè para pọ̀ di ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Yàrá kẹ́míkà nílò ihò afẹ́fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ tó ń ṣí tọ̀sán-tòru, kò dúró de ìgbà tí ènìyàn bá wọlé. Bí ooru March àti April bá mú, ìgò amóníà á ti wú gáàsì sínú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi tútù kí ẹ tó ṣí i, kí ẹnu rẹ̀ kọjú kúrò lọ́dọ̀ yín. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Carbon monoxide tó ń tú jáde kò ní òórùn, ihò afẹ́fẹ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ló sì máa gbà wọlé. Kí ó jìnnà sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ihò afẹ́fẹ́ ní mítà 6, ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta.